Omi ní Orí Òkè Ahaggar

Bí a bá dárúkọ aṣálẹ̀ Sàhárà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni iyanrìn tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ, tí kò ní igi, tí kò ní òkè, tí ojú kò sì rí òpin rẹ̀. Àwòrán yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n apá kékeré ni ó jẹ́ nínú òtítọ́. Bí a bá pín Sàhárà sí ọ̀nà mẹ́rin, iyanrìn kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan lọ. Òkúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ líle àti àpáta ni ó gba ìyókù. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Àlgéríà, àwọn òkè gàgàrà kan wà tí à ń pè ní Ahaggar. Tahat, èyí tí ó ga jù nínú wọn, ga tó nǹkan bí 2,900 mítà. Ní òru ìgbà òtútù, omi a máa dì sí yìnyín níbẹ̀. Ìlú Tamanrasset tí ó wà ní ẹsẹ̀ àwọn òkè náà, fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,400 mítà sí ojú òkun.

Àṣìṣe nípa iyanrìn yìí ni ó bí àṣìṣe kejì, èyí tí ó léwu jù ú lọ: pé kò sí omi ní aṣálẹ̀ rárá, àti pé nítorí náà, ẹni tí ó bá ti lè gbé omi wá láti ibòmíràn ti parí ọ̀rọ̀. Omi wà ní Ahaggar. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, òun ni ó sì bọ́ ènìyàn àti ẹran láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ni òjò. Òjò àti omi kì í ṣe ohun kan náà, ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàárín wọn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ará Ahaggar fi ń gbé ilẹ̀ wọn.

Òjò tí ń rọ̀ sí Tamanrasset láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bí 50 mílímítà lọ, bí a bá fi ọdún kan gbé òmíràn. Ní Ìbàdàn, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo lè tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀fúùfù kan náà ni ó ń sin ìlú méjèèjì. Ẹ̀fúùfù olómi tí ń ti òkun gúúsù wá, èyí tí ń rọ òjò sí oko iṣu àti oko àgbàdo ní ilẹ̀ Yorùbá, ni etí rẹ̀ máa ń dé Ahaggar ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ. Nígbà tí yóò fi dé ibẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́; ìwọ̀nba omi díẹ̀ ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ì bá ṣe pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ó bá níbẹ̀ ni, ì bá kọjá lọ láìrọ̀. Òkè ni ó dá a dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá kọlu òkè, kò sí ohun tí ó kù fún un ju pé kí ó gòkè lọ. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, bí ó sì ti ń tutù ni omi inú rẹ̀ ń di ìkùukùu, tí í sì í bọ́ sílẹ̀ ní òjò. Ìdí nìyí tí òjò orí òkè Assekrem fi pọ̀ ju ti Tamanrasset lọ, tí ti Tamanrasset náà sì fi pọ̀ ju ti In Salah lọ, ìlú kan tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìhà àríwá. Ní ìgbà òtútù, ìjì tí ń ti Òkun Mẹditaréníà wá a tún máa fi díẹ̀ kún un.

Òjò Ahaggar kì í rọ̀ wínníwínní. Ó lè pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òjò gidi tó rọ̀, kí ó sì wá rọ̀ fún wákàtí kan péré bí ẹni pé wọ́n da ìkòkò dojú dé. Kò sí ewéko tí yóò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sí ilẹ̀ rírọ̀ tí yóò mu ún. Gbogbo rẹ̀ a ya sí ojú odò gbígbẹ, a sì di àgbàrá tí ń yí òkúta kiri. Àwọn darandaran kì í pàgọ́ sí ojú odò bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí iyanrìn ibẹ̀ rọ̀ tó fún oorun, nítorí òjò lè rọ̀ sí orí òkè tí ojú kò rí, kí omi rẹ̀ sì dé bá olóorun lábẹ́ ojú ọ̀run tí ìràwọ̀ kún. Irú àgbàrá bẹ́ẹ̀ ya wọ ìlú Aïn Sefra, tí ó jìnnà sí Ahaggar ní ìhà àríwá, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, ọdún 1904. Ó wó ilé lu obìnrin òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Isabelle Eberhardt, ó sì pa á. Ẹni ọdún 27 ni. Ó ti fi ẹṣin rìn káàkiri aṣálẹ̀, òùngbẹ kò pa á. Omi ni ó pa á.

Ibo wá ni àgbàrá yìí ń lọ? Ilẹ̀ ni ó ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a ṣàn lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, oòrùn a sì fà á gbẹ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ a bọ́ sínú àwọn kòtò jíjìn tí ó wà láàárín àpáta. Akọ òkúta kì í mu omi, bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta dúdú tí iná abẹ́ ilẹ̀ yọ́ jáde ní ìgbà láéláé. Bí kòtò náà bá wà nínú ọ̀gbun tóóró, tí ògiri àpáta ga ní ọ̀tún àti ní òsì, oòrùn kò ní ráyè wò ó ju wákàtí díẹ̀ lọ ní ojúmọ́, omi inú rẹ̀ a sì wà títí òjò mìíràn yóò fi dé. Agelmam ni àwọn Túárẹ́gì tí ń gbé Ahaggar ń pe irú adágún bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn. Àwọn Lárúbáwá a máa pè é ní guelta. Afilal, tí ó wà ní ọ̀nà tí ó ti Tamanrasset lọ sí Assekrem, jẹ́ ọ̀kan tí kì í gbẹ. Igi ólífì kan tí kò sí níbòmíràn àfi ní orí àwọn òkè Sàhárà ń hù ní agbègbè yìí. Ẹja sì wà nínú irú àwọn adágún wọ̀nyí. Ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀ lè bi í léèrè pé ta ni ó kó ẹja gun òkè ní àárín aṣálẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó kó wọn. Àwọn ni ó ṣẹ́kù. Láti nǹkan bí 11,000 ọdún sẹ́yìn títí di nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, òjò pọ̀ ní Sàhárà, koríko kún un, odò sì ń ṣàn níbẹ̀. Ní Tassili n'Ajjer, ilẹ̀ àpáta tí ó bá Ahaggar pààlà, àwọn ènìyàn ìgbà náà ya màlúù, erin àti erinmi sára ògiri òkúta, àwòrán wọn sì wà níbẹ̀ di òní. Odò kan ń ti Ahaggar ṣàn lọ sí gúúsù nígbà náà, ó gba àfonífojì Azawagh kọjá, títí ó fi wọ Odò Ọya. Ojú odò náà kò tíì parẹ́. Omi ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ẹ̀dá olómi sá gun òkè tẹ̀lé omi, wọ́n sì há sínú àwọn adágún àpáta. Ọ̀nì wà lára wọn. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ọ̀nì gbé Tassili n'Ajjer ní àárín aṣálẹ̀, tí ó ń jẹ, tí ó ń bímọ. Ọ̀kan tí a mọ̀ sí ìkẹyìn nínú wọn ni a yìnbọn pa ní 1924. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn: ọ̀dá kò lè rẹ́yìn ọ̀nì náà ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí àpáta pa omi rẹ̀ mọ́ fún un. Ọwọ́ ènìyàn ni ó parí rẹ̀.

Omi tí kò bọ́ sínú àpáta a rì sínú iyanrìn ojú odò. Níbẹ̀, iyanrìn ni ìdérí rẹ̀. Oòrùn kò lè rí i fà. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ kà yóò wá ibi tí àpáta ti dábùú ojú odò lábẹ́ ilẹ̀, nítorí omi a máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí a mọ odi dí i lọ́nà. Yóò fi ọwọ́ tàbí igbá gbẹ́ iyanrìn, kò sì ní pẹ́ tí ìsàlẹ̀ kòtò yóò fi dúdú, tí omi yóò sì sun jáde. Abankor ni wọ́n ń pe kòtò bẹ́ẹ̀. Kànga tí a mọ òkúta sí lára, tí a ń lò láti ìran dé ìran, ní orúkọ tirẹ̀: anu. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe omi ní èdè náà ni aman, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń pe ẹ̀mí ni iman. Kò yani lẹ́nu pé àwọn Túárẹ́gì kì í yà wọ́n ní ẹnu wọn.

Àwọn tí ń dáko ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ní agbègbè Touat àti Tidikelt, níbi tí In Salah wà, wọ́n ń gbẹ́ ihò gbọọrọ sí abẹ́ ilẹ̀ tí à ń pè ní foggara. Wọn a gbẹ́ kànga kan ní ibi tí ilẹ̀ ti ga, títí wọn yóò fi kan omi. Wọn a tún gbẹ́ òmíràn àti òmíràn ní ìlà kan ṣoṣo, síhà ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, wọn a sì fi ihò kan so ìdí gbogbo wọn pọ̀. Ihò náà da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n kò dà tó ojú ilẹ̀ tí ó wà lókè rẹ̀. Nítorí náà, bí ó ti ń lọ ni ojú ilẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ wá bá a, títí omi yóò fi yọ sí gbangba fúnra rẹ̀ ní etí ọgbà. Ẹnikẹ́ni kò fà á, epo kankan kò jó nítorí rẹ̀, oòrùn kò sì rí i títí ó fi dé ìdí ọ̀pẹ dàbínù. Níbi tí ó ti yọ, wọ́n gbé òkúta pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ eyín sí bí òòyà. Àárín eyín méjì ni omi ọgbà kọ̀ọ̀kan ń gbà kọjá. Awọnmi, ẹni tí gbogbo ìlú fi ọkàn tán, a máa fi pẹlẹbẹ bàbà tí a dá ihò kéékèèké sí wọn ìpín olúkúlùkù, a sì máa ṣírò rẹ̀ nígbà tí ogún bá pín tàbí tí ẹnì kan bá ta ìpín tirẹ̀. Ní 2018, àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ àwọn awọnmi Touat àti Tidikelt sínú ìwé àwọn àjogúnbá tí a gbọ́dọ̀ tètè dáàbò bò kí wọn má baà parun.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a yin foggara ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹrú, àti àwọn Haratin tí ipò wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti ẹrú lọ, ni wọ́n gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ihò náà, àwọn náà ni wọ́n sì ń kó iyanrìn kúrò nínú wọn lábẹ́ ilẹ̀ tí ó lè wó lu ènìyàn nígbàkigbà. Ẹni tí ó bá ń dárò foggara láìdárúkọ àwọn wọ̀nyí kò tíì sọ ìdajì ìtàn náà. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àgbẹ̀ láti Touat àti Tidikelt gòkè wá sí Ahaggar láti dáko fún àwọn Túárẹ́gì, wọ́n sì mú ìmọ̀ yìí dání. Wọn kò lò ó bí wọ́n ti ń lò ó nílé. Abẹ́ iyanrìn ojú odò ni wọ́n gbẹ́ ihò tiwọn sí, níbi tí omi òkè ń rọra wọ́ lọ. Wọ́n wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ́.

Nígbà tí àlùfáà Faransé kan, Charles de Foucauld, dé Tamanrasset ní 1905, abúlé kékeré ni ó bá níbẹ̀. Ní ìkànìyàn ọdún 2008, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ti ju 90,000 lọ. Kò sí iyanrìn ojú odò tí ó lè fún irú èrò bẹ́ẹ̀ ní omi. Kànga ń gbẹ, omi ẹ̀rọ ń dá, àwọn ènìyàn sì ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ń gbé e kiri. Ìjọba Àlgéríà wá ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ láti In Salah dé Tamanrasset, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí 750 kìlómítà, wọ́n sì ṣí i ní 2011. Wọ́n ṣe é kí ó lè gbé 50,000,000 lítà omi ní ojúmọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń tì í gòkè, nítorí Tamanrasset fi ohun tí ó ju 1,000 mítà lọ ga ju In Salah lọ. Láti ìgbà tí a ti dá ayé, láti òkè ni omi ti ń wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó wá ń pọn omi fún òkè.

Iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ tí ó tọ́ sì ni. Ẹni tí ó bá sọ pé kí ìyá ọlọ́mọ padà lọ máa gbẹ́ iyanrìn kí ó tó lè wẹ ọmọ rẹ̀, kò tíì gbẹ́ ẹ rí. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni ohun tí àwọn ènìyàn rò pé ọ̀pá náà jẹ́. Wọ́n ń wò ó bí ìsun. Kì í ṣe ìsun. Omi tí ó ń gbé wá láti abẹ́ ilẹ̀ In Salah jẹ́ apá kan nínú ìṣúra omi kan tí ó wà lábẹ́ Àlgéríà, Tùnísíà àti Líbyà, tí ó ju 1,000,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Púpọ̀ jù lọ nínú omi náà ni òjò ìgbà àtijọ́, èyí tí ó rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé sí Tamanrasset tàbí In Salah. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni òjò òde òní ń fi kún un. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ìṣirò tí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí fi hàn pé omi tí wọ́n ń fà jáde nínú rẹ̀ lọ́dún ti ju ìlọ́po méjì èyí tí ń wọlé lọ. Ọmọ tí ó bá ń ná ogún baba rẹ̀ lè ná an fún ìgbà pípẹ́ bí ogún náà bá pọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó máa pè é ní owó oṣù.

Àwọn ará In Salah mọ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ nítòsí ìlú wọn láti wá gáàsì tí a ń fi agbára omi fọ́ jáde lára òkúta, tọkùnrin tobìnrin wọn jáde sí ìta, wọn kò sì wọlé fún ọjọ́ púpọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra owó. Ẹ̀rù ń bà wọ́n fún omi abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn kan ní olú-ìlú rò pé ará oko ni wọ́n, tí kò mọ ìlọsíwájú. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú tí bàbá ńlá rẹ̀ fi ihò òòyà òkúta pín omi, tí ó mọ̀ pé foggara tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ gbẹ nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní bí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣe. Bí Tamanrasset bá ń mu omi In Salah, ó tọ́ kí ohùn In Salah wúwo nígbà tí a bá ń jíròrò ohun tí a óò ṣe sí ilẹ̀ tí omi náà ti ń wá.

A lè gbọ́ kí ẹnì kan wí pé omi òkè kéré, pé adágún àpáta àti iyanrìn ojú odò kò lè mú òùngbẹ ìlú ńlá kúrò, kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu nípa wọn? Òótọ́ ni pé ó kéré. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni omi Ahaggar tí ń tún ara rẹ̀ ṣe. Òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò tún kún un, bí ó bá bá ilẹ̀ bí ó ti yẹ kí ó bá a. Ojú odò Tamanrasset kì í ṣe ilẹ̀ òfo tí a lè kọ́ ilé sí tàbí da ẹ̀gbin sí nítorí pé omi ẹ̀rọ ti dé. Bí omi ìdọ̀tí ìlú bá rì sínú iyanrìn yẹn, ìkòkò tí ìlú náà ti ń mu omi láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó bàjẹ́, kò sì sí ọ̀pá irin tí yóò fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. A lè fi òkúta dí ojú odò díẹ̀díẹ̀ kí àgbàrá má baà sáré kọjá, kí ó lè ráyè rì sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gbówó lórí bí ti ọ̀pá. Kò sì ní àríyá ìṣílé. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ kì í fi í yára sí i.

Ọ̀pá náà parí sí ìlú. Láti ibẹ̀ lọ sí òkè, ní ọ̀nà Afilal àti Assekrem, kò sí ẹ̀rọ omi kankan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí darandaran bá da ewúrẹ́ rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún tí òjò kò rọ̀, inú ọ̀gbun tí oòrùn kò ráyè wò ni yóò kó wọn lọ, tàbí kí ó wá ibi tí àpáta ti dábùú ojú odò, kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì máa fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn títí yóò fi dúdú.